Àdá Tuntun Tí Ó Kán

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, bí a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà ní Ìlórò-Èkìtì, àgbẹ̀ kan wọlé. Ó gbé nǹkan kan lọ́wọ́ tí ó fi àpò sìmẹ́ńtì wé. Kò tilẹ̀ rántí kí wa. Ó gbé ẹrù náà ka orí tábìlì mi, ó sì tú u. Àdá ni. Irin rẹ̀ wà lọ́tọ̀, èèkù rẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo rà á. Ẹ̀ka kòkó ni mo ń gé láàárọ̀ yìí. Mo ṣá a lẹ́ẹ̀kan, mo ṣá a lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbọ́ 'káú!' Irin náà fò gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, ó lọ gún ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ mi ń kó ẹ̀ka sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mu omi ni."

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀. Ẹnìkan ní kí ó gbé e lọ fún wẹ́dà ní oríta, kí ó bá a jó o pọ̀. Ẹlòmíràn ní kí ó kó o lọ sí ìdí Ògún, kí ó sì dúpẹ́ pé ojú rẹ̀ kò fọ́. Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀pà ní kí ó dá a padà fún ẹni tí ó tà á fún un. Àgbẹ̀ wa mi orí. Ó ní, "Ẹ̀yin Ìyá, ta ni yóò gba àdá tí ó ti kán? Ọjà tí a ti san owó rẹ̀ ti di tẹni."

Mo bi í pé, "Ìwé owó rẹ̀ ńkọ́?"

Ó ṣí ìwé kíkà rẹ̀. Rìsíìtì náà wà ní ojú-ewé 12. Ẹ má rò pé nítorí àdá ni ó ṣe fi í pamọ́. Mo ti sọ fún wọn ní kíláàsì pé kí wọ́n máa kó gbogbo bébà tí ó bá ní ọ̀rọ̀ lára jọ, kí a lè máa fi kọ́ ìwé kíkà: ìbáà jẹ́ ara páálí ọṣẹ, ìbáà jẹ́ ìwé oògùn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ní ọjọ́ yìí, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Kò sí ilé kan láti Ìjerò dé Àrámọ̀kọ tí kò sí àdá níbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a ka ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ dáadáa: ohun tí ó ń kán àdá, ẹni tí ó yẹ kí ó jìyà rẹ̀, àti ohun tí òfin sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a fi ń ṣe àdá. Kì í ṣe irin lásán. Èédú díẹ̀ wà nínú irin náà, ṣùgbọ́n ó kéré púpọ̀. Bí a bá pín irin àdá sí ọgọ́rùn-ún ọ̀nà, èédú inú rẹ̀ kì í sábà tó ọ̀nà kan. Èédú kékeré yìí ni ó ń jẹ́ kí irin le. Ẹni tí ó ń ṣe àdá yóò fi irin náà sí iná títí yóò fi pọ́n. Yóò wá tẹ̀ ẹ́ bọ omi tàbí òróró lójijì. Bí ó bá ti tutù, ó ti le nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó ti le jù. Irin tí ó wà báyìí dà bí àwo tánganran. Bí a bá pọ́n ọn, yóò mú. Bí a bá gbá a mọ́ igi, yóò fọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò tún gbé e sí iná díẹ̀díẹ̀, iná tí kò ní pọ́n ọn rárá, kí líle rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀, kí ó lè máa tẹ̀ kí ó sì máa nà padà. Ẹni tí ó bá kánjú ní ibi yìí, àwo ni ó ń tà fún àgbẹ̀. Ẹni tí kò bá sì mú un le tó ní ìbẹ̀rẹ̀, páànù ni ó ń tà: irú àdá bẹ́ẹ̀ kì í kán, ṣùgbọ́n yóò máa ká, ẹnu rẹ̀ kò sì ní mú ju ọjọ́ kan lọ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní nǹkan bí ọdún 1975, mo máa ń lọ fẹ́ ewìrì fún alágbẹ̀dẹ kan ní àdúgbò wa. Sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti bàjẹ́ ni ó fi ń rọ àdá, nítorí irin sípíríǹgì dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó le, ó sì ń tẹ̀. Bí àdá tí ó rọ bá kán, olówó rẹ̀ yóò gbé e padà wá. Alágbẹ̀dẹ kò ní sọ̀rọ̀. Yóò mú un lọ síta, yóò gbé ojú ibi tí ó ti kán sí oòrùn, yóò sì wò ó títí. Bí ó bá rí i pé òun ni ó jẹ̀bi, yóò rọ òmíràn, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Bí ó bá rí i pé ẹni náà fi àdá hú òkúta ni, á bú u dáadáa, á sì gba owó iṣẹ́. Kò sí ìwé kankan láàrin wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, wọ́n sì mọ ilé ara wọn.

Ohun tí à ń pè ní gáráńtì nìyẹn. Ìlérí ni: pé bí ohun tí mo tà fún ọ bá bàjẹ́ nítorí àìdára rẹ̀, èmi ni n ó jìyà rẹ̀, kì í ṣe ìwọ. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ àdá ń ti òkè òkun wá. A kò mọ ilé ẹni tí ó rọ ọ́. Ẹni tí ó tà á fún wa ní Ìjerò kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ibi tí ìwé ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Àwọn òyìnbó oníṣòwò ayé àtijọ́ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa kò mọ ìwé kà. Nítorí náà, wọ́n ń ya àwòrán sí ara ọjà wọn. Ilé-iṣẹ́ Ralph Martindale ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1874, ya ọ̀nì sí ara àdá tirẹ̀. Àgbẹ̀ á dé ọjà, á ní, "Fún mi ní èyí tí ó ní ọ̀nì." Àwòrán ni ìwé tiwọn. Ṣùgbọ́n àwòrán kò lè sọ ọjọ́ tí a ra ọjà fún wa, kò sì lè sọ iye tí a san. Rìsíìtì ni ó ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí tábìlì mi. Mo ní kí gbogbo kíláàsì dìde wá wo ojú ibi tí àdá náà ti kán, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ti máa ń ṣe. Bí tiyín náà bá kán, ohun tí ẹ ó wò nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ó ti kán. Bí ó bá jẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ fi hú nǹkan ni: iṣu ni, tàbí òkúta, tàbí gbòǹgbò. Àdá kì í ṣe ọkọ́, kì í sì í ṣe ọ̀pá irin. Bí ó bá jẹ́ ẹnu rẹ̀ ni ó já díẹ̀díẹ̀ bí eyín ọmọdé, ó ti bá òkúta tàbí irin pàdé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọrùn rẹ̀ ni, níbi tí irin ti wọ inú èèkù, ẹ dúró wò ó dáadáa. Ọrùn ni gbogbo agbára ìṣá ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ń lu ihò ìṣó sí. Bí wọ́n bá lu ihò náà láìdára, tàbí bí igun ọrùn náà bá mú jù, ibẹ̀ ni yóò ti sán.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọ̀ ojú ibi tí ó ti kán. Irin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán lónìí máa ń mọ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tútù. Bí ẹ bá rí apá kan tí ó mọ́, tí apá kejì sì ti dípẹtà, tí ó pọ́n bí ilẹ̀ tàbí tí ó dúdú, a jẹ́ pé apá kejì yẹn ti sán tipẹ́. Afẹ́fẹ́ àti omi ti wọ inú rẹ̀. Àdá náà ti ń kú lọ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ tún wo hóró ara irin náà. Bí ó bá kúnná, ó dára. Bí ó bá tóbi, tí ó ń dán bí hóró iyọ̀, wọ́n ti fi iná jó irin náà jù ní ilé-iṣẹ́.

Ìyá ẹlẹ́pà ni ó kọ́kọ́ rí i. Ní ọrùn àdá náà, létí ihò ìṣó àkọ́kọ́, ìpẹtà wà níbẹ̀ tí ó tó hóró ẹ̀wà kan. Gbogbo ibi yòókù mọ́. A wo ẹnu àdá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí eyín kan tí ó já. Àgbẹ̀ wa kò fi lu òkúta. Àdá náà ti sán lábẹ́ èèkù níbi tí ojú rẹ̀ kò lè dé.

Mo ní láti sọ ti ara mi níbí, kí ẹ má baà rò pé gbogbo àdá tí ó kán ni ẹ̀bi ẹni tí ó tà á. Ní ọdún 2011, mo ra àdá kan. Mo fi ṣí ọmọrí dúrọ́ọ̀mù, ó sì kán ní ṣóńṣó. Mo gbé e fún wẹ́dà, ó jó o pọ̀. Kò pé oṣù kan tí ó tún fi kán. Mo wá gbé e lọ bá ẹni tí ó tà á fún mi, mo sì ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ọkùnrin náà wo ibi tí wẹ́dà ti jó o, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, èwo nínú méjèèjì ni mo tà fún yín?" Ojú tì mí. Òun ni ó jàre. Iná wẹ́dà ń ba líle irin jẹ́ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó bá ti kàn, ó sì ń jó gbogbo àmì tí ìbá fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn.

Nítorí náà, bí àdá tuntun bá kán, kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni kí ó tún un ṣe, ẹ lọ bá ẹni tí ó tà á. Ẹ kó gbogbo ẹ̀là rẹ̀ pọ̀, ẹ nù ún pẹ̀lú òróró díẹ̀ kí ó má baà dípẹtà sí i, ẹ sì wé e. Ẹ má fi òkúta ha ojú ibi tí ó ti kán. Ẹ má sì tò ó pọ̀ tí ẹ ó fi máa lò ó. Irin tí ó ti kán lẹ́ẹ̀kan tún lè fò.

Ó kù kí a sọ ti òfin. Kì í ṣe òní ni òfin ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ọjà títà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893 ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Èkìtì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, irú òfin bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé òfin wọn ti ọdún 1959. Ohun tí ó sọ ni pé, bí o bá ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ́ pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni ó ń tà, ọjà náà gbọ́dọ̀ dára tó fún iṣẹ́ tí a ń fi irú rẹ̀ ṣe. Àdá gbọ́dọ̀ lè gé igi.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wúlò jù fún wa nísinsìnyí ni òfin ọdún 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì gùn: Federal Competition and Consumer Protection Act. Òfin yìí ni ó dá ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà sílẹ̀. Abuja ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà. Lẹ́tà márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ orúkọ wọn, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín: FCCPC. Àwọn ni wọ́n rọ́pò ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀.

Òfin ọdún 2018 sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ dára, kí ó sì ṣeé lò fún ìgbà tí ó yẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè dá a padà láàrin oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí ọjà náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kò ní san owó ìtanràn. Ẹni tí ó tà á ni yóò sì ru ìnáwó dídá ọjà náà padà. Nǹkan mẹ́ta ni ó lè ṣe fún oníbàárà: kí ó tún ọjà náà ṣe, tàbí kí ó fún un ní òmíràn, tàbí kí ó dá owó rẹ̀ padà. Ta ni yóò yan ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí? Oníbàárà ni. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tajà rò pé àwọn ni.

Ṣùgbọ́n òfin kò gba ìwà àìtọ́ láàyè. Bí ìwọ fúnra rẹ bá ti yí ọjà náà padà sí bí ó ti wà nígbà tí o rà á, ẹ̀tọ́ yìí lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Rántí dúrọ́ọ̀mù mi. Bákan náà ni ó rí ní òkè òkun. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Buck Knives ń ṣèlérí pé bí ọ̀bẹ wọn bá ní àbùkù láti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é, àwọn yóò tún un ṣe tàbí kí wọ́n fúnni ní òmíràn, bí ó ti wù kí ọ̀bẹ náà pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ìlérí náà kò kan ọ̀bẹ tí olówó rẹ̀ lò ní ìlòkulò. Àwọn náà ń wo ojú ibi tí ó ti kán.

Bí ọjà tí kò dára bá sì ṣe ènìyàn léṣe ńkọ́? Òfin náà sọ pé ẹni tí ó pèsè rẹ̀ ni yóò dáhùn fún ìpalára náà. Mo dúpẹ́ pé ọmọ àgbẹ̀ wa lọ mu omi.

Ní ìsàlẹ̀ rìsíìtì tí ó wà ní ojú-ewé 12, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ẹ ó máa rí káàkiri: "No refund of money after payment." Ó túmọ̀ sí pé, bí ẹ bá ti sanwó, àwọn kì í dá owó padà. Ẹ kọ́ bí ó ti rí lójú. Ẹni tí ó bá kà á, ẹ̀rù á bà á, á sì padà sílé. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Bí ọjà bá dára, tí ó kàn jẹ́ pé ọkàn ẹni tí ó rà á yí padà, olówó ọjà lè ní àwáwí. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá ní àbùkù, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bébà kò lè pa òfin ilẹ̀ run.

Ní ọjọ́ kejì, a kọ lẹ́tà ní kíláàsì. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, gbogbo wa kà á, àgbẹ̀ wa sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ. Ó pé wákàtí kan ààbọ̀ kí ó tó parí rẹ̀. Bí ó ti kọ ọ́ nìyí, àfi orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti orúkọ rẹ̀ tí mo yọ kúrò:

Ìlórò-Èkìtì,
Ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, 2024.

Ọ̀gá mi,

Mo ra àdá kan ní ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, 2024. Ẹgbẹ̀rún méje náírà (₦7,000) ni mo san. Rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Àdá náà kán ní ọrùn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, nígbà tí mo ń gé ẹ̀ka kòkó. N kò fi lu òkúta. N kò sì gbé e fún wẹ́dà. Ibi tí ó ti kán ti dípẹtà létí ihò ìṣó. Ó fi hàn pé ó ti sán tẹ́lẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní àdá mìíràn tí ó dára. Bí kò bá sí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá owó mi padà. Mo ń retí èsì yín láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Èmi ni oníbàárà yín.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí èébú nínú lẹ́tà náà. Kò sì gùn. Ọjọ́ rírà wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí ó ń fẹ́ náà wà níbẹ̀. Ó dà á kọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi ọ̀kan pamọ́ sílé. Ẹni tí ó bá ní fóònù lè ya àwòrán lẹ́tà náà, àti ti rìsíìtì, àti ti àdá. Rìsíìtì ayé ìsinsìnyí a máa ṣá. Láàrin oṣù díẹ̀, ẹ lè má rí nǹkan kan mọ́ lórí rẹ̀ ju bébà funfun lọ.

Ní ọjọ́bọ̀, àwa méjèèjì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjerò. Mo sọ fún un pé n kò ní la ẹnu mi, àfi bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà. Ọmọkùnrin kan ni a bá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wo àdá, ó ní, "A kì í gba ọjà padà, Bàbá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rìsíìtì yín."

Àgbẹ̀ wa ní, "Mo ti kà á." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. N kò mọ̀ bóyá ọmọ náà gbọ́ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n èmi gbọ́ ọ. Oṣù méje ṣáájú ìgbà náà, ọkùnrin yìí kò lè mọ orúkọ ara rẹ̀ lójú ìwé.

Ó gbé lẹ́tà rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ náà kà á, ó sì pe ìyá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù láti ẹ̀yìn. Ìyá náà kò ka lẹ́tà rárá. Àdá ni wọ́n mú. Wọ́n gbé e sí ojú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì wo ọrùn rẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Àwọn tí mo rà á lọ́wọ́ wọn ni yóò gbà á padà. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń gbé ọjà wá." Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó ní sùúrù títí di Sátidé kejì, nítorí àdá tí ó wà nílẹ̀, inú páálí kan náà ni ó ti wá, wọn kò sì fẹ́ fún un ní òmíràn tí yóò tún kán. Mo rò pé ìyá náà ṣe dáadáa. Ẹni tí ó ń tajà kọ́ ni ó rọ ọ́. Bí a bá lọ fi ariwo bá a, a ó sọ ẹni tí ó lè bá wa gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú di ọ̀tá.

Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn lẹ́tà náà pé àwọn ti gba àdá tí ó kán, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Èmi ni mo rán àgbẹ̀ wa létí pé kí ó béèrè fún ìyẹn. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rí yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìgba ìwé.

Bí wọ́n bá ti kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Ohun tí ó kù ni kí a kọ irú lẹ́tà kan náà sí FCCPC, kí a fi ẹ̀dà rìsíìtì àti àwòrán àdá sí i, kí a sì sọ ọjọ́ tí a lọ bá olùtajà àti ohun tí ó wí. Ẹ lọ bá olùtajà ná. Bí ẹ bá fò ó kọjá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín ni pé kí ni ó sọ.

Ìyá ẹlẹ́pà béèrè ọ̀rọ̀ pàtàkì kan nígbà tí a padà dé. Wọ́n ní, "Àwa tí à ń rajà lọ́wọ́ àwọn tí ń ru ú kiri ńkọ́? Ta ni yóò kọ rìsíìtì fún wa?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òfin ọdún 2018 sọ pé kí olùtajà fún oníbàárà ní ìwé ọjà tí ó rà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé igbá lérí kì í mú ìwé dání. Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Ẹ kọ ọjọ́, ohun tí ẹ rà, àti iye tí ẹ san sórí bébà, kí ẹ ní kí ẹni tí ó tà á fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ̀ka. Ẹni tí ó bá fi fóònù sanwó láti báńkì, iṣẹ́ tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ ní ọjọ́ náà jẹ́ ẹ̀rí. Kí ó má pa á rẹ́.

Kí ẹ tó sanwó àdá rárá, ẹ di èèkù rẹ̀ mú láìfún un pọ̀, kí ẹ fi ìṣó kékeré kan ara irin rẹ̀. Àdá tí ó pé yóò dún bí agogo. Èyí tí ó ti sán máa ń dún "pọ̀" bí ìkòkò tí ó ti fọ́. Ẹ mi èèkù wò; kò gbọ́dọ̀ ṣe wọ́ọ̀rọ̀wọ́. Ẹ ka orúkọ tí a tẹ̀ sára irin, kí ẹ sì rí i pé orúkọ náà ni ó wà lára páálí rẹ̀.

Ní Sátidé ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, àgbẹ̀ wa nìkan ni ó lọ sí Ìjerò. Wọ́n kó àdá márùn-ún síwájú rẹ̀. Ó ní òun kan gbogbo wọn ní ìṣó, ọ̀kan nínú wọn kò dún dáadáa, ìyá oníṣọ́ọ̀bù sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó yan tirẹ̀ nínú mẹ́rin yòókù, kò sì san kọ́bọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ rìsíìtì tuntun fún òun. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e wá sí kíláàsì, ó dìde, ó sì kà á sókè fún wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ó fi í sí ojú-ewé 12.